Bí a ṣe ń kọ orin ọ̀kẹ́sítírà tuntun, àti bí a ṣe ń gba èrò àwọn ẹlòmíràn lórí rẹ̀

Ẹni tí ó bá dàgbà sínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ní Kábà, ní Mọpà tàbí ní Ìsánlú ti mọ bí ohùn mẹ́rin ṣe ń bá ara wọn rìn, nítorí pé sópránò, áltò, tẹ́nọ̀ àti bààsì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní orin. Ìmọ̀ yẹn tó láti fi bẹ̀rẹ̀ orin ọ̀kẹ́sítírà, ìyẹn orin tí ẹgbẹ́ ńlá àwọn tí ń lo onírúurú ohun èlò ń gbé jáde. Ohun tí ó ṣòro ní agbègbè wa ni rírí àwọn tí yóò fi ohun èlò gbé orin náà jáde létí ẹni tí ó kọ ọ́, tí wọn yóò sì sọ òtítọ́ fún un nípa rẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa ro ti àwọn tí yóò gbọ́ ọ tí wọn yóò sì dá yín lóhùn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn orin kan ṣoṣo tí ó kúrú, tí ẹ lè fi ẹnu kọ láìwo ìwé. Àwa tí a ń sọ Yorùbá mọ ibi tí a ti lè rí irú rẹ̀: inú ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ẹ wo òwe tí ó ní, "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ." Ìró "Ilé là ń wò" ni re, mí, dò, mí, dò, tí ó gòkè tí ó sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìró ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí ibi tí orin yóò ti gòkè àti ibi tí yóò ti sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni yóò pinnu bí yóò ti gòkè tó àti bí yóò ti pẹ́ tó lórí ohùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń sọ Owé, Ìjùmú, Bùnú tàbí Yàgbà nílé, kí ó lo ìró ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Kí ó má ṣe rò pé Yorùbá inú ìwé nìkan ni ó yẹ ọ̀kẹ́sítírà.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ tí ó kù ni bí ẹ ó ṣe yí ohùn náà padà láìpa á. Ìwé ẹ̀kọ́ orin ilẹ̀ Yúróòpù yóò kọ́ yín pé ẹ lè dojú ohùn dé, kí ibi tí ó ti ń gòkè di ibi tí yóò ti máa sọ̀kalẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n re, mí, dò, mí, dò yóò di re, dò, mí, dò, mí, ọmọ Yorùbá tí ó ń gbọ́ ọ kò sì ní gbọ́ òwe náà mọ́. Ẹ fi ọgbọ́n yìí pamọ́ fún ibi tí ẹ bá dìídì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pòórá. Níbi tí ẹ bá fẹ́ kí a dá a mọ̀, ẹ fà á gùn ní ìlọ́po méjì, ẹ gbé e lọ sí kíì mìíràn (kí gbogbo rẹ̀ jọ gòkè tàbí kí ó jọ sọ̀kalẹ̀), ẹ jẹ́ kí cello, ohun èlò olókùn tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, sọ ọ́ kí fèrè sì dá a lóhùn, tàbí kí ẹ jẹ́ kí gbogbo ohun èlò dákẹ́ kí ìlù nìkan máa lu ìgbésẹ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ni adùn iṣẹ́ náà wà, mo sì máa ń lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí rẹ̀ kí n tó kọ báà kan (ìpín kan láàárín ìlà òró méjì lórí ìwé orin) sílẹ̀. Fela Sowande, ọmọ Yorùbá tí a bí ní 1905, kọ African Suite ní 1944 fún àwọn ohun èlò olókùn. Ẹ wá a gbọ́, kí ẹ sì fetí sí bí ohùn kan ṣe ń ti ọwọ́ ohun èlò kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orin àkọ́kọ́ gùn. Báà 80 tí ó ní lílù mẹ́rin mẹ́rin, tí a bá ń lu lílù 80 ní ìṣẹ́jú kan, yóò gba ìṣẹ́jú 4 gééré, ó sì tó. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí ó ń kọ ọ́ fún ọwọ́ méjì lórí dùùrù ná, kí ẹ tó pín in.

Pípín in fún àwọn ohun èlò ní òfin tirẹ̀. Violin kò lè sọ̀kalẹ̀ kọjá G tí ó wà nísàlẹ̀ C àárín dùùrù. Ohùn tí àwọn ohun èlò àfọnfọn kan ń gbé jáde kì í ṣe èyí tí a kọ sílẹ̀ fún wọn gan-an: bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ C lẹ́nu clarinet tàbí trumpet oní-B flat, D ni ẹ ó kọ fún wọn. Lẹ́nu horn oní-F, G tí ó wà lókè C náà ni ẹ ó kọ. Ẹni tí ó ń fọn ohun èlò gbọ́dọ̀ mí, nítorí náà ẹ fi àyè èémí sílẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ṣe fún akọrin. MuseScore, tí a ń rí lò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, yóò bá yín kọ ọ́, yóò sì yọ ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbára lé bí orin náà ṣe ń dún lẹ́nu kọ̀ǹpútà. Nínú orin tí mo kọ́kọ́ kọ, mo fún fèrè ní ohùn tí ó ṣe pàtàkì jù ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo sì kó trumpet méjì lé e lórí. Létí mi, kọ̀ǹpútà jẹ́ kí fèrè náà hàn ketekete. Ọjọ́ tí ènìyàn fọn ọ́, trumpet bo fèrè mọ́lẹ̀ pátápátá, nítorí pé ìsàlẹ̀ fèrè kò lágbára. Ohùn tí mo fi oṣù mẹ́ta kọ ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ó sì dùn mí gidigidi.

Nítorí náà, ẹ wá ènìyàn. Ẹ kò nílò ọ̀kẹ́sítírà pípé. Ẹ bẹ àwọn tí ń fọn trumpet àti sasofóònù ní ìjọ yín pé kí wọ́n dúró fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìfidánrawò; bí kò bá sí violin, ẹ jẹ́ kí sópránò fi "la" kọ ohùn rẹ̀. Ẹ tẹ ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí pépà, ẹ kọ nọ́ńbà báà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì rí i pé ibi tí ó ti ní ìsinmi ni yóò ti ṣí ojú ewé. Ẹ gba ohùn náà sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ lè fi ohùn yìí àti ìwé orin ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Èkó, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ kíyè sí bí ẹ ṣe ń béèrè. Bí ẹ bá bi ará ilé wa pé, "Ṣé ó dára?", yóò kí yín bí a ti ń kíni nílé wa, yóò ní, "Okun o, ó dára gan-an," nítorí pé ọmọlúàbí ni, kò fẹ́ kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ẹni tí ó ṣe làálàá. Ìdáhùn yẹn kò lè tún báà kankan ṣe. Ẹ bi ẹni tí ó fọn trumpet pé, "Níbo ni èémí yín kò ti tó?" Ẹ bi ẹni tí ó darí pé, "Báà wo ni àwọn ènìyàn ti sọnù?" Ẹ bi ìyá tí ó jókòó lẹ́yìn tí kò ka ìwé orin rárá pé, "Ìgbà wo ni ọkàn yín kúrò níbẹ̀, kí ni ẹ sì rò pé orin náà ń sọ?" Ẹ má ṣe sọ òwe náà fún un ṣáájú. Bí ó bá fúnra rẹ̀ dárúkọ rẹ̀, ẹ ti rí ẹ̀rí tí kò sí olùkọ́ tí ó lè fún yín.

Nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe gbèjà orin náà. Ẹ kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀. Àtúnṣe tí wọn yóò dámọ̀ràn yóò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta bá tọ́ka sí báà 34, báà 34 ní àléébù, àní bí àtúnṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bá yín lára mu. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá lòdì sí ohun tí ẹ dìídì ṣe, tí ẹ sì lè sọ ìdí tí ẹ fi ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ẹ̀dà àtijọ́ mọ́, ẹ kọ ọjọ́ sórí tuntun, kí ẹ sì kọ́kọ́ gbé e padà lọ bá ẹni tí ó sọ pé èémí òun kò tó.