Bí mo ṣe ń sọ ẹrù orí mi kalẹ̀ lálaalẹ́

Aago mẹ́ta òru ni mo máa ń lajú, tí orí mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbèsè: ímeèlì tí mi ò tíì fèsì, fọ́ọ̀mù tí ọjọ́ ẹ̀ ti ń lọ, màmá mi tí mo ní màá pè láti Sátidé. Kò sí èyí tó le nínú wọn. Àpapọ̀ wọn ló bò mí mọ́lẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, màá jókòó ti kọ̀ǹpútà, màá fọwọ́ ba iṣẹ́ mẹ́jọ, mi ò ní parí ẹyọ kan.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni mo ki ara mi bọ àṣà tuntun méje: jíjí láago márùn-ún, eré sísá, ìwé kíkà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti wó. Ẹni tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn tó tún lọ ru méje kún un, ta ló fẹ́ bá wí?

Nígbà tí mo máa tún un ṣe, ẹyọ kan ni mo mú: kí n tó sùn, màá fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ ohun tó wà nílẹ̀ fún ọ̀la sínú ìwé. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí Yunifásítì Baylor ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 57. Àwọn kan kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó sùn, àwọn yòókù kọ ohun tí wọ́n ti ṣe parí. Àwọn tó kọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló tètè sùn lọ, pàápàá àwọn tó kọ ọ́ ní kínníkínní.

Kínníkínní yẹn ni mo fojú fò. Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo kọ "ọ̀rọ̀ bàǹkì". Lálẹ́ kejì, "ọ̀rọ̀ bàǹkì". Alẹ́ mọ́kànlá ló fi ń wò mí, tí èmi náà ń wò ó. Lálẹ́ kejìlá ni mo wá kọ ọ́ báyìí: "Pe bàǹkì láago mẹ́wàá, bi wọ́n ìdí tí káàdì ò fi ṣiṣẹ́, nọ́ńbà wọn wà lẹ́yìn káàdì." Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni ìpè náà gbà. Mo fi bírò fa ìlà gba orí ẹ̀ títí ìwé fi ya.

Lẹ́yìn oṣù kan ni mo fi èkejì kún un. Bí kọ̀ǹpútà bá ń tàn lọ́wọ́ láàárọ̀, màá mí sínú títí màá fi ka mẹ́rin, màá mí síta títí màá fi ka mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mímí síta ló gbọ́dọ̀ gùn jù, torí ìgbà yẹn ni ọkàn máa ń rọra lù. Ẹ fọwọ́ lé ọrùn ọwọ́ yín, ẹ lè rí i fúnra yín. Fóònù ńkọ́? Pálọ̀ ló ń sùn báyìí. Mo ra aago.

Mo pa alẹ́ mẹ́ta jẹ nígbà tí ara ọmọ mi ò yá, mo sì rò pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ṣáà ní ọjọ́ 21 ni àṣà fi ń mọ́ni lára. Irọ́ ni. Àwọn olùwádìí kan ní University College London tẹ̀ lé èèyàn 96: ọjọ́ 66 ló wà láàárín, àmọ́ ó lè jẹ́ 18, ó sì lè lé ní 250. Wọ́n tún rí i pé pípa ọjọ́ kan jẹ kì í ba nǹkan jẹ́. Tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta kí ọwọ́ mi tó máa wá bírò fúnra ẹ̀. (Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ò lè jẹun, tí ẹ ò lè dìde, bírò kọ́ lọ̀rọ̀ kàn mọ́, ẹ lọ rí dókítà.)

Mo ṣì máa ń jí láago mẹ́ta nígbà mìíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí mi tún dá fọ́ọ̀mù kan sílẹ̀. Mo na ọwọ́ nínú òkùnkùn, mo kan ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, mo yíra padà.