Bí Òbí Ṣe Lè Ṣe Nígbà Tí Ilé-Ìwòsàn Bá Dá Ọmọ Tuntun Dúró

Nígbà tí dókítà bá sọ pé ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ní tíì bá ìyá rẹ̀ relé, yálà nítorí pé oṣù rẹ̀ kò pé, tàbí pé ibà pọ́njú mú un, tàbí pé kò mí dáadáa, ọ̀pọ̀ òbí a máa rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Èrò náà kò tọ̀nà. Òbí kì í ṣe àlejò ní wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun. Wàrà ọmú ìyá, àyà òbí àti ojú tí ó ń ṣọ́ ọmọ wà lára ìtọ́jú gan-an.

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá ti ju agbára ilé-ìwòsàn kékeré lọ, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù ni ọ̀pọ̀ òbí ń bá ara wọn. Ẹni tí ó ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè bọ̀ kò lè máa lọ kí ó máa bọ̀ lójoojúmọ́, pàápàá ìyá tí ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò tíì jiná. Nítorí náà, ẹ tètè pín iṣẹ́. Kí ìyá dúró ti ọmọ tàbí kí ó sùn sí ibi tí kò jìnnà. Kí bàbá mójú tó owó, oògùn àti àyẹ̀wò. Kí ẹnì kan nínú ẹbí máa gbé oúnjẹ wá, kí ẹnì kan ṣoṣo sì máa dá àwọn tí ó ń pè lóhùn. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ ẹni ìkẹyìn yìí, nítorí pé títún ìtàn kan náà sọ fún gbogbo ẹbí máa ń tán ìyá lókun ju àìsùn lọ.

Ọ̀rọ̀ wàrà ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ tó le jù lọ mú. Bí ọmọ kò bá tíì lè mú ọmú fúnra rẹ̀, kí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí fún wàrà náà jáde láti ọmú láàárín wákàtí díẹ̀ tí ó bímọ, ó kéré tán ìgbà 8 láàárín ọ̀sán àti òru, kí ó má sì fo ti òru. Wàrà àkọ́kọ́ tí ó ki, tí ó pọ́n rúsúrúsú, lè má ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ. Ẹ má dà á nù, nítorí pé òun ni ó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àrùn jù lọ. Kí ìyá fọ ọwọ́, kí ó fún un sínú ife mímọ́ tí ó ní ìdérí, kí ó kọ orúkọ àti aago sí i lára. Wákàtí 4 ni kò gbọdọ̀ kọjá níta fíríìjì, ooru wa sì lè mú kí ó má tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ ìwọ̀n ọmọ sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n fún un, iye wàrà tí ó mu àti ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi dókítà. Ẹ fi rìsíìtì sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ fọn díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, nítorí pé ara ọmọ tuntun máa ń fọn bẹ́ẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí sanra. Bí dókítà bá sọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ ní kí ó tún un sọ ní Yorùbá. Kì í ṣe àrífín.

Ní ti ibà pọ́njú, iná aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sábẹ́ rẹ̀ ń fọ́ ohun tí ó mú ara rẹ̀ pọ́n, wọ́n sì ń di ojú rẹ̀ kí iná má baà pa á lára. Yíyá oòrùn nílé kò lè dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àgbo kò lè dípò rẹ̀, nítorí pé bí ibà náà bá pẹ́ tí ó sì le, ó lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ sọ fún ìyá àgbà kí ó má kó aṣọ tí ó ti wà pẹ̀lú kàfúrà wá fún ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà tí òórùn kàfúrà máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ibà náà a sì tún le sí i.

Bí ọmọ bá kéré, ẹ béèrè ìgbà tí ẹ lè máa gbé e sí àyà. Ní Bogotá, ní Kòlóńbíà, ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978: a ó bọ́ aṣọ ọmọ ku ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, a ó gbé e lé àyà ìhòòhò òbí, a ó sì fi aṣọ dì í mọ́ra. Bàbá náà lè ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọmọ pọ̀n sẹ́yìn, èyí kò ní ṣòro fún yín.

Ọjọ́ kẹjọ lè bá ọmọ ní wọ́ọ̀dù. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú kì í fi ìnáwó ṣeré, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àgbàlagbà díẹ̀ nílé, kí ẹ sì fi àga, àtíbàbà àti aṣọ ẹbí sílẹ̀ di ọjọ́ tí ọmọ bá dé. Owó oògùn ni ó kàn báyìí.

Kí ìyá má gbàgbé ara tirẹ̀. Ibà, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà gidigidi, orí fífọ́ tí ó le tàbí ojú tí ó ń ṣú, dókítà ni ó kan lójú ẹsẹ̀. Bí ìbànújẹ́ bá sì ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, tàbí tí ó ń rò ó pé kí òun kú, àìsàn tí ó ní ìtọ́jú ni. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bá a wí.

Kí ẹ tó gbé ọmọ kúrò, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó padà wá àti bí ẹ ó ṣe máa lo oògùn. Nílé, bí kò bá mú ọmú mọ́, bí ó bá ń mí ní ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó tutù ju ti tẹ́lẹ̀, bí gìrì bá mú un, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú, ẹ gbé e padà lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.