Bí A Ṣe Lè Dín Ìṣirò Kù Nínú Wíwá Àkókò Símbọ́ọ̀lù

Aago ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì rédíò kì í bá ti ẹ̀rọ tó fi í ránṣẹ́ dọ́gba, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń gbà á gbọ́dọ̀ máa fúnra rẹ̀ wá ibi tí símbọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ègé ìgbì tó gbé bíìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wà. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò nínú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ ka iye ìsodipúpọ̀ tó ń wáyé. Bí símbọ́ọ̀lù bá jẹ́ mílíọ̀nù 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọgbọ́n Gardner, tó jáde ní 1986, ń ná mílíọ̀nù 2 péré lórí wíwá àṣìṣe àkókò; interpolator, tó ń ṣírò iye tó wà láàárín sáńpù méjì (sáńpù ni iye ìgbì tí a wọ̀n ní àkókò kan), ni ọ̀jẹun gan-an.

Nítorí náà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ to interpolator náà bí Farrow ṣe là á sílẹ̀ ní 1988, kí ẹ sì lo ti oníparábólà (tó ń fi ìlà títẹ̀ so sáńpù pọ̀), tí gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ìdajì, odidi kan tàbí odidi kan àbọ̀: títi bíìtì sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan, tó ń pín nọ́ńbà sí méjì, àti ìròpọ̀ ti tó fún wọn, ìsodipúpọ̀ méjì péré ló sì ṣẹ́ kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ka méjì tí ìgbì náà ní, I àti Q. Bí sáńpù mẹ́rin bá ń wọlé fún símbọ́ọ̀lù kan, ẹ má ṣe jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí méjì ni Gardner ń fẹ́. Ìsodipúpọ̀ mílíọ̀nù 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò di mílíọ̀nù 8.

Gardner ń sọ sáńpù àárín di púpọ̀ pẹ̀lú ìyàtọ̀ símbọ́ọ̀lù méjì tó yí i ká. Fún QPSK, ìyẹn ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí símbọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti ń gbé bíìtì méjì, àmì ìròpọ̀ tàbí ti ìyọkúrò tó wà lára símbọ́ọ̀lù wọ̀nyí nìkan ti tó: bí àmì méjèèjì bá jọra, àṣìṣe di òdo, bí wọ́n bá yàtọ̀, sáńpù àárín ni a óò mú, tàbí òdì rẹ̀, láìsí ìsodipúpọ̀ kankan. Ọgbọ́n Mueller àti Müller, ti 1976, kò fẹ́ ju sáńpù kan lọ, àmọ́ ó ń fẹ́ kí a ti tún ìgbì tó gbé ìsọfúnni náà (carrier) ṣe kí ó tó ṣiṣẹ́, ìdí nìyí tí èmi kì í fi í bẹ̀rẹ̀.

Nínú fíltà lúùpù, tó ń fi àṣìṣe àkókò darí interpolator, ẹ sọ nọ́ńbà ìdarí (èyí tí a fi ń sọ àṣìṣe di púpọ̀) di ìdajì, ìdámẹ́rin, ìdámẹ́jọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí títi bíìtì lè tó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gé bíìtì apá tó ń kó àṣìṣe jọ. Bí àṣìṣe kékeré bá jábọ́ níbẹ̀, lúùpù yóò dúró sójú kan láìtíì bá aago náà mu.