Bí a ṣe ń fi àwọ̀ tí a rántí wá orúkọ òdòdó tí a kò mọ̀

Ẹni tó rí òdòdó kan lójú ọ̀nà Kétu, tó délé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tó wá ń bi àwọn èèyàn pé "òdòdó pupa kan báyìí, kí lorúkọ ẹ̀?", kò tíì bèèrè nǹkan kan. Pupa gbòòrò lẹ́nu wa. Osùn pupa, epo pupa, inú ẹyin náà, pupa ẹyin là ń pè é. Ẹ wá gbé ẹyin sísè sẹ́gbẹ̀ẹ́ osùn kí ẹ wò ó. Dúdú náà ń kó aró àti ewé tó ṣú mọ́ra. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ tú pupa yẹn palẹ̀, torí ojú yín rí ju ohun tí ẹnu yín sọ lọ.

Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rántí kí ẹ tó wo àwòrán kankan lórí fóònù. Ẹni tó ti wo ogún àwòrán, àwọ̀ inú àwòrán á ti bo èyí tó rí mọ́lẹ̀, kò sì ní mọ̀. Ẹ má kọ orúkọ àwọ̀, ẹ kọ nǹkan tó jọ: ó pọ́n bí epo tuntun, bí tàtàṣé, bí osùn tí a lọ̀ kúnná, bí èrìgì ọmọ ọwọ́, ó rí bí ìyeyè tó pọ́n, bí inú ẹyin, bí òrí, ó dà bí aṣọ tí a rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan, tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ fún ibi márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: etí ewé òdòdó, àárín ewé náà, ọ̀fun òdòdó nísàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, àti ìrùdí tí kò tíì là. Ibi tí ẹ kò bá rántí, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má ṣe fi àbá kún un, torí àbá yẹn ló máa ṣì yín lọ́nà jù.

Ọ̀fun ló sábà ń yanjú ọ̀rọ̀. Òdòdó ilá fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè tí a bomi là, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ ṣú bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Ẹni tó rántí ọ̀fun yẹn ti bọ́ sínú ẹbí ilá, iṣápá àti òwú. Ìwọ̀nba ló kù fún un láti wá.

Ẹ kọ wákàtí pẹ̀lú. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, pupa ló ń kọ́kọ́ ṣókùnkùn lójú èèyàn, tí funfun àti àwọ̀ aró á ṣì máa tàn. Òdòdó tó "dúdú" ní aago méje alẹ́ lè jẹ́ pupa fòò lọ́sàn-án. Kámẹ́rà fóònù náà kì í sábà mú àwọ̀ èsè àlùkò dáadáa: ó ń sọ ọ́ di aró. Oṣù tí ẹ rí i wúlò bákan náà. Sẹ̀kẹ̀sẹ̀kẹ̀, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní flamboyant, ń tan gan-an ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Bó bá jẹ́ àárín ọyẹ́ ni ẹ rí tiyín, ẹ kọ́kọ́ wo ibòmíràn.

Àwọn òdòdó kan wà tí ọjọ́ orí ń pa láwọ̀ dà. Òdòdó òwú tó wọ́pọ̀ lóko a máa là ní àwọ̀ òrí láàárọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ti pọ́n. Ẹni méjì tó gba oko òwú kan náà kọjá ní Sábẹ lè máa jiyàn lórí àwọ̀ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì jàre. Ẹ̀wọ̀n adẹ́lé náà ńkọ́? Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní àárín ìdì rẹ̀ dà bí ìyeyè, èyí tó ti pẹ́ létí ti pọ́n. Combretum indicum, tó máa ń fà mọ́ ògiri ilé, ń là ní funfun nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú òórùn dídùn, ó ń dà bí èrìgì lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn náà ó di pupa. Nítorí náà, bí ẹ bá rántí àwọ̀ méjì, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé ara òdòdó kan ṣoṣo ni méjèèjì wà, àbí òdòdó kan ní tirẹ̀, èkejì ní tirẹ̀, lórí igi kan náà?

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń da èèyàn rú jù: "pupa ni, àmọ́ ìyeyè wà létí rẹ̀." Ó kéré tán, mẹ́rin ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lágbègbè wa. Bó bá jẹ́ igi gíga, tí òdòdó rẹ̀ dà bí ife ńlá, tí ìlà ìyeyè tínrín sì yí etí rẹ̀ po, òrúrù ni. Ẹ tẹ ìrùdí rẹ̀, omi á tú jáde. Bó bá jẹ́ igi tó fẹ ẹ̀ka bí agboòrùn, tí ewé rẹ̀ wẹ́ bí ìyẹ́, tí ọ̀kan nínú ewé òdòdó márùn-ún sì ní funfun tàbí ìyeyè pẹ̀lú àmì pupa, sẹ̀kẹ̀sẹ̀kẹ̀ ni. Bí ewé náà bá wẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí igi rẹ̀ kò ju èèyàn lọ púpọ̀, tí irun pupa gígùn mẹ́wàá yọ jáde kọjá ewé òdòdó, Caesalpinia pulcherrima ni. Ẹ̀kẹrin kì í ṣe igi. Ó ń fà ni, ṣóńṣó ewé rẹ̀ ń ká bí ìka láti di igi ẹlòmíràn mú. Ewé òdòdó mẹ́fà tó rí wẹ́jẹwẹ̀jẹ létí yí padà sẹ́yìn bí ọwọ́ iná. Gloriosa superba nìyẹn. Májèlé ni látòkè délẹ̀, iṣu abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ló sì burú jù, torí èèyàn lè rò pé iṣu jíjẹ ni. Ẹ má ṣe tọ́ ọ wò láé, kí ẹ sì fọ ọwọ́ bí ẹ bá já a.

Ẹ rí i pé àwọ̀ nìkan kò ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀. Àwọ̀ ló kó wọn jọ. Ìdúró, ewé àti iye ewé òdòdó ló tú wọn ká.

Bí ẹ bá lè padà síbẹ̀, ẹ ya àwòrán mẹ́rin: ojú òdòdó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ewé níbi tó ti so mọ́ ẹ̀ka, àti gbogbo igi náà. Ẹ fi wọ́n sínú Pl@ntNet, ohun èlò orí fóònù tó ń fi àwòrán dá ewéko mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gba ìdáhùn àkọ́kọ́ gbọ́ títí ẹ ó fi fi bébà yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú ewé lọ bá àwọn ìyá ẹlẹ́wẹ́ lọ́jà pẹ̀lú. Ewé ni wọ́n ń tà, ewé ni wọ́n mọ̀; ẹni tó bá sọ àwọ̀ òdòdó nìkan fún wọn ń fi àkókò wọn ṣòfò. Inú ìwé ìròyìn ni kí ẹ di ewé náà sí, torí inú ọ̀rá ló ti ń làágùn, tó ń dúdú.

Èyí tí kò bá lójútùú, ẹ gé ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e, kí ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Ilé ìpamọ́ ewéko gbígbẹ ti Yunifásítì Abomey-Calavi ní Benin ni ẹ lè gbé e lọ. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti gé e, ọjọ́, gíga rẹ̀, àti àwọ̀ rẹ̀ sí bébà kan lọ́jọ́ tí ẹ gé e gan-an, torí bó bá ti gbẹ, àwọ̀ náà lè ṣí kúrò lára rẹ̀.