Ṣúgà tí à ń mu: bẹ́ ẹ ṣe máa dín in kù tí ìfẹ́ nǹkan dídùn ò ní máa yọ yín lẹ́nu

Ṣúgà tó ń wọ ara wa ní Ìbàdàn yìí, kì í ṣe èyí tá à ń jẹ nìkan, èyí tá à ń mu náà ń kó tiẹ̀. Ẹni tó bá wà nínú mọ́tò ní Ìwó Road lọ́sàn-án gangan, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kí mọ́tò ó lọ, oòrùn ń ta, àwọn tó ń ta mínírà tútù sì ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, kó tó mọ̀, ó ti rà á, ó ti mu ún tán. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá tún ra mínírà tàbí mọ́ọ̀tì, ẹ yí ike ẹ̀ padà kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ gíráàmù 10 ṣúgà nínú 100ml, á jẹ́ pé gíráàmù 50 ló wà nínú ike 50cl, ṣíbí tíì kan sì ń gba bíi gíráàmù 4, ẹ wá ṣírò ẹ̀, ó ju ṣíbí 12 lọ! Bẹ́ẹ̀ WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti sọ láti 2015 pé tó bá ṣeé ṣe, kí ṣúgà àgbàlagbà má ju bíi gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí 6, oyin àti júùsì náà sì wà nínú ìṣírò yẹn o.

Ẹ má já gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń fi kóró ṣúgà mẹ́rin sí tíì, kó fi mẹ́ta sí i lọ́sẹ̀ yìí, kó fi méjì sí i tó bá yá, ahọ́n á mọ́ ọn lára. Bournvita àti Milo ti ní ṣúgà nínú tẹ́lẹ̀, kí la tún ń fi òmíràn sí i fún? Gàrí náà, ẹ fi ẹ̀pà àti ẹja díndín mu ún, omi tútù dáadáa, ẹ ò ní wá ṣúgà.

Zobo ni mo fẹ́ràn jù, torí ó ṣeé ṣe nílé. Ẹ ṣan ewé ẹ̀ dáadáa, ẹ sè é pẹ̀lú jínjà, kànáfùrù díẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tẹ́ ẹ ti fọ̀ mọ́ tónítóní, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e sí fíríìjì. Èèpo ọ̀pẹ òyìnbó yẹn ló máa fún un ládùn díẹ̀, èmi ò rò pé ó tún nílò nǹkan míì. Èyí tí wọ́n ń tà lójú títì, ẹ bi wọ́n léèrè ṣúgà tó wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á.

Ní ti kí nǹkan dídùn máa wu ẹnu ṣáá, ebi wà lára ohun tó máa ń fà á. Búrẹ́dì funfun àti tíì nìkan láàárọ̀, ṣúgà á yára gòkè nínú ẹ̀jẹ̀, á tún yára wálẹ̀, nígbà tó bá fi máa di aago mọ́kànlá ẹnu ti ń wá bísíkíìtì. Ẹ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, tàbí ẹ̀wà, tàbí ẹyin, wọ́n máa ń pẹ́ nínú. Ẹ ra ẹ̀pà ní Bódìjà, ẹ yan án sílé, ẹ máa fi díẹ̀ sínú báàgì, tó bá sì jẹ́ àsìkò àgbálùmọ̀, ẹ jẹ ẹ́, èso tẹ́ ẹ jẹ ní odindi yàtọ̀ sí júùsì torí fọ́ńrán inú ẹ̀, ìyẹn fáíbà, kì í jẹ́ kí ṣúgà ó sáré wọ ẹ̀jẹ̀.

Tí nǹkan dídùn bá ṣàdédé ń wù yín, ẹ mu omi, ẹ dìde, ẹ rìn díẹ̀, ẹ fún un ní bí ogún ìṣẹ́jú, ó sábà máa ń lọ. Kẹ́ ẹ sì máa sùn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ò sùn tó, ebi nǹkan dídùn á máa pa á lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ, tó ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlínì, kó bá dókítà ẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó yí oúnjẹ ẹ̀ padà, torí ṣúgà ẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù. Tó bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ojú ẹ̀ ń ṣú, ẹ tètè fún un ní nǹkan dídùn mu tó bá ṣì lè gbé e mì, tí ò bá sì lè gbé e mì, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ọsibítù ni kẹ́ ẹ máa gbé e lọ.