Bí A Ṣe Lè Gbárùkù Ti Òṣìṣẹ́ Ìlera Àdúgbò: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Òṣogbo

Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò lè wọ agbo ilé yín ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí Òkè Bààlẹ̀, kó wọn apá ọmọ, kó yẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wò, kó sì bá aláboyún sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ. Bó bá ti jáde tán, ìyá ọkọ ló kù nílé, baálé ilé ló kù, ẹni tó ń po ògì ló kù. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń yọrí tàbí kó forí ṣánpọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti lóko ni ìwé yìí ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tó bá dé

Ẹ fún un níjòkòó lábẹ́ ibòji, kí ẹ sì pe àwọn ìyá ọlọ́mọ jọ. Láàárín àwọn obìnrin ọjà Ìgbónà, ẹ jẹ́ kí ìyálọ́jà bá a mú àkókò tí ọjà bá dẹwọ́. Ẹ má bi í pé kí ló gbé wá fún wa. Ìmọ̀ ló gbé wá, àti téèpù tí wọ́n fi ń wọn bí apá ọmọ ṣe tóbi tó yíká.

Ẹ má fi ọmọ tó rù pa mọ́ nítorí ìtìjú. Téèpù yẹn wà fún ọmọ oṣù 6 títí dé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Bí apá bá tó sẹ̀ǹtímítà 12.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ ewé ni yóò fi hàn. Yẹ́lò jẹ́ láti 11.5 títí dé ibi tí kò tíì pé 12.5: oúnjẹ ọmọ náà ń fẹ́ àtúnṣe, kí òṣìṣẹ́ sì máa padà wá wò ó. Bí kò bá tó 11.5, pupa ni, ọmọ náà gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú, tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tó sì jin sínú, ẹ má dúró de téèpù rárá. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ayé ló ń ṣe é.

Aláboyún àti ìkókó

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún, ojoojúmọ́ ni kó máa lò ó. Ó lè mú kí ìgbẹ́ dúdú, kò léwu. Bó bá ń mú kí èébì máa gbé e, kó lò ó lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ọsàn bá oògùn náà mu, tíì kò bá a mu. Ní oṣù Ramadan, aláboyún àti abiyamọ tí ààwẹ̀ lè pa lára lè dá a dúró di ìgbà mìíràn. Bí àlùfáà àdúgbò bá sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí, yóò wọlé ju bí òṣìṣẹ́ ìlera ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí ọmọ ni kí ó ti mu ọyàn. Omi ọyàn àkọ́kọ́ tó pọ́n yẹn, ẹ má fún un dànù. Títí ọmọ yóò fi pé oṣù 6, ọyàn nìkan: kò sí omi, kò sí àgbo. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin la ń bẹ̀ níbí, torí ọwọ́ yín ni ife omi wà.

Ògì lásán kò tó

Ọmọ tó ti pé oṣù 6 ń fẹ́ oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọyàn, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Láti oṣù 9, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ògì tó ń ṣàn bí omi kàn ń kún ikùn ni. Ẹ jẹ́ kó ki débi tí kò ní máa ṣàn kúrò lórí ṣíbí, kí ẹ sì fi ẹ̀wà sóyà tí ẹ yan dáadáa kí ẹ tó lọ̀ ọ́ sí i, tàbí edé lílọ̀, tàbí ẹ̀pà lílọ̀, pẹ̀lú epo pupa díẹ̀. Ẹ̀pà tó bu, ẹ dà á nù. Ẹ̀wà tí ẹ gún, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ẹja tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ọmọ lè jẹ.

Ẹyin ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò jalè. Mélòó nínú àwọn olè tí ẹ mọ̀ ló rí ẹyin jẹ ní kékeré? Ẹ fún ọmọ ní ẹyin, kó jinná dáadáa.

Lóko

Kí ọkọ̀ tó kó ìkórè lọ sọ́jà, ẹ yọ tilé sílẹ̀: ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀fọ́. Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ yẹ́lò tó ní fítámì A sí apá kan oko. Láti ọdún 2011 ni irú rẹ̀ ti jáde ní Nàìjíríà. Ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn náà dára. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́ tó ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn àti òṣìṣẹ́ ìlera pọ̀, kí ohun tí ọ̀kan ní ká gbìn lè bá ohun tí èkejì ní ká sè mu.

Owó ọkọ̀

Ìwé tí òṣìṣẹ́ kọ fún ìyá pé kó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù máa ń dúró lórí àga nítorí owó kẹ̀kẹ́. Kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò dá díẹ̀díẹ̀ sí àpótí kan, kí wọ́n sì bá ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan tó ń gbé nítòsí sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá pè é lóru, kó dìde. Kí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà àti lára ògiri ilé baálé.