Bí Mo Ṣe Tún Ilé Bàbá Wa Ṣe Kí A Tó Tà Á ní Adó-Èkìtì

Látìgbà tí ìyá wa ti kó lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn, aláǹgbá ló ń gbé ilé wa ní Adébáyọ̀, ní Adó. Yàrá mẹ́ta ni, pálọ̀ kan, kíṣìnì, kànga lẹ́yìnkùlé. Ọdún 1987 ni bàbá wa kó wọ ibẹ̀, nígbà tí Adó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. A fẹnu kò pé ká tà á. Èmi tí mò ń gbé ìlú ni wọ́n ní kí n dúró ti iṣẹ́, àbúrò mi tó wà l'Ékòó ní òun á máa fowó ránṣẹ́.

Owó kò tíì dé tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ táìsì káàkiri ilẹ̀, ó fẹ́ ṣílíìnì POP sókè pálọ̀, ó fẹ́ kábọ́ọ̀dù tuntun sí kíṣìnì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ni wọ́n fi ń rajà," ló wí. N kò bá a jà. Mo lọ bá bàbá kan tí wọ́n ti ń bá èèyàn ta ilé ní Adó tipẹ́, mo ní kí wọ́n bá mi wo ilé náà bíi pé àwọn gan-an ló fẹ́ rà á.

Bàbá kò wo ilẹ̀ rárá. Wọ́n wọ yàrá àkọ́kọ́, wọ́n gbójú sókè, wọ́n nàka sí àbàwọ́n kan lára ṣílíìnì tó pọ́n bíi tíì, tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìsàlẹ̀ ògiri, ọ̀dà sì ṣí kúrò bí èèpo iṣu sísè. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n bi mí pé, "Ìwé ilé ńkọ́?" Mo ní ó wà, orúkọ bàbá wa ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ẹni tó bá rí ibi tí ilé ti ń jò kì í ṣírò iye tí káfíńtà máa gbà. Ẹ̀rù ló máa bà á. Ìlọ́po mẹ́ta owó káfíńtà ló máa yọ nínú owó tó fẹ́ san."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi wọn gbogbo nǹkan. Ohun tó lè ba ẹni tó fẹ́ rà lẹ́rù, a ó tún un ṣe. Ohun tó kàn wù wá lójú, kí ẹni tó bá rà á ṣe é fúnra rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìwé ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́ àtúnṣe. Bàbá wa kò ṣe wíìlì. Lọ́ọ́yà ní àfi ká lọ gba ìwé àṣẹ ní kóòtù gíga, tí yóò fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lágbára láti bójú tó ohun ìní wọn, kí ìyá wa àti gbogbo ọmọ sì fọwọ́ sí i pé àwọn gbà kí a tà. Ó gba oṣù bíi mélòó kan. Lọ́ọ́yà tún rán wa létí Òfin Ilẹ̀ ti 1978: nítorí pé C of O, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fúnni lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀, wà lórí ilé yìí, títà rẹ̀ ṣì nílò ìyọ̀ǹda gómìnà, ká yáa ti sọ ẹni tó máa sanwó rẹ̀ kí a tó dúnàádúrà. Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bá ara wọn jà.

Oṣù Kọkànlá 2023, tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ni mo pe káfíńtà. Ẹni àkọ́kọ́ kò tiẹ̀ gòkè. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ní ká ká gbogbo páànù dànù, ká fi tuntun bò ó. Mo kí i dáadáa, mo ní kó máa lọ. Ẹnì kejì béèrè rọ́bà omi. Ó gun òrùlé, èmi náà gba ojú ihò ṣílíìnì gòkè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sórí pákó láàárín eruku àti ìgbẹ́ àdán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi láti ìsàlẹ̀ páànù, ó ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ó pẹ́ tí n kò rí nǹkan kan. Àfi bí mo ṣe rí okùn omi tín-ínrín kan tó ń rìn lórí igi, tó rìn tó gígùn èèyàn tó nà gbalaja, kó tó já sílẹ̀ sórí àbàwọ́n ọjọ́sí. Mo kígbe. Ibi tó ti wọlé jìnnà sí ibi tó ti ń kán! Rọ́bà tó wà nídìí ìṣó ni oòrùn ti jẹ tán, omi sì ń gba ojú ihò ìṣó wọlé. A pààrọ̀ páànù mẹ́rin, a yọ ìṣó tó ti dógùn-ún, a kan olórí rọ́bà rọ́pò. Gbogbo rẹ̀ kò tó 90,000 nàírà.

Ṣílíìnì àtijọ́ yẹn, asbestos ni. Ọmọ iṣẹ́ káfíńtà ti gbé òòlù láti fọ́ ọ, mo ní kó dúró. Eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rárá. A da omi sí i kó rin gbingbin, a yọ ìṣó rẹ̀, a sọ ọ́ kalẹ̀ lódindi, ẹnikẹ́ni kò fi ayùn kàn án.

Ti ògiri ló fẹ́ mú mi ṣe àṣìṣe. Apàwọ̀ ilé kan ní òun á rẹ́ ẹ, òun á kùn ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọ̀gá bíríkìlà kan láti Ìkẹ́rẹ́ ló mú mi jáde, ó gbé ọkọ́, ó wa ẹ̀gbẹ́ ògiri níta. Erùpẹ̀ tí bàbá wa kó jọ fi gbin òdòdó ti ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, ibẹ̀ náà sì ni omi òrùlé ń dà sí. "Ulé yín kò ṣàìsàn," ó wí, "ẹ̀yin lẹ̀ ń fún un lómi mu." Ulé là ń pe ilé níbi. A kó erùpẹ̀ náà kúrò, a ṣe gọ́tà oníkọ́ńkéré kó máa gbé omi lọ. Ó ha gbogbo rírẹ́ ògiri dé ìbàdí, ó ní ká fi sílẹ̀ fún ọyẹ́ kó gbẹ ẹ́. Oṣù kan gbáko ni ìhòòhò ògiri wà bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ń pè lójoojúmọ́ pé kí ló ń dá wa dúró.

Èmi náà ṣẹ̀ níbí. Ó yẹ kí n ti ra sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ kó tó gbẹ. Mo ní kí n má fowó há. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2024, sìmẹ́ǹtì ti fò sókè, àpò kan ti kọjá 10,000 nàírà, mo sì rà á bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n.

Ìyókù yá. A fọ kànga, a da kọ́ńkéré bo ẹnu rẹ̀, a fi ìdérí onírin sí i. Ẹnì kan ní ká gbẹ́ bóhólù. Orí àpáta ni Adó wà, owó lè wọlẹ̀ kí omi má jáde, mo fi í sílẹ̀. A ní kí wọ́n wá fa sọ́kàwéè, a ro koríko, a fi ọ̀dà funfun kun ilé, a san gbèsè iná tó wà lórí mítà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà Ìwòròkò ni ilé náà wà, nítòsí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ń gbé, n kì bá tiẹ̀ kùn ún nínú, torí ẹni tó bá rà á níbẹ̀ á wó ògiri rẹ̀ láti sọ ọ́ di họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó fẹ́ gbé e fún ara rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn.

Kábọ́ọ̀dù kíṣìnì nìkan ni mo gbà fún àbúrò mi, kí ilé má bàa dàrú: 280,000 nàírà. Gbogbo iṣẹ́ yòókù, láìka owó lọ́ọ́yà, jẹ́ 870,000.

N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá wò ó títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹfà ni tọkọtaya olùkọ́ kan wá, àárín òjò ni wọ́n dé. Ìyàwó kò jókòó. Ó wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, ó gbójú sókè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìsàlẹ̀ ògiri, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ wò. Ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Dádì, ó gbẹ." Wọ́n ní ká yọ 300,000 nínú iye tí a pè, a yọ 200,000, a parí rẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́ọ́yà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n kó wọlé, mo gba ibẹ̀ kọjá láti kí wọn. Kábọ́ọ̀dù àbúrò mi wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Adìyẹ ti yé ẹyin méjì sínú dúrọ́ọ̀ òkè.